NÍNÚ ILÉ ONÍGBÀGBỌ́: Ọjọ́ Mẹ́ta Àkọ́kọ́ ní Kampala

Àwọn kan nínú yín ti ránṣẹ́ béèrè ìdí rẹ̀ tí a kò fi kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kọjá, bóyá ara ni kò dá. Ara dá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìrìn àjò ni a lọ, àwa àti aya wa, sí Kampala, olú-ìlú Ùgáńdà, ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ohun tí ojú wa rí ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni a fẹ́ ròyìn lónìí. Kì í ṣe pé a fẹ́ fi ìrìn àjò yangàn, ṣùgbọ́n àṣírí kan tú láàárín àwa méjèèjì níbẹ̀ tí ó yẹ kí tọkọtaya mìíràn fi ṣọgbọ́n.

Ẹ mọ̀ pé ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ní ìtàn ìjọ Ùgáńdà. Kò yẹ kí ìtàn náà ṣàjèjì sí wa, nítorí ẹgbẹ́ C.M.S. tí ó rán Henry Townsend sí Abẹ́òkúta, òun kan náà ni ó rán Alexander Mackay lọ sí ààfin Muteesa, ọba Buganda, tí ó sì dé ibẹ̀ ní ọdún 1878. Bí Townsend ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta tí Ìwé Ìròhìn sì ti inú rẹ̀ jáde ní 1859, bẹ́ẹ̀ ni Mackay náà fi ẹ̀rọ kékeré kan tẹ apá kan Ìhìnrere Mátíù ní èdè Luganda. Aya wa ti gbọ́ ìtàn yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè sọ ọ́ lójú oorun. Nígbà tí ìgbéyàwó wa wá pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ ti fi ẹnu mú wa dé Ùgáńdà tó ìgbà tí a kò lè kà mọ́. Ẹ jẹ́ kí á fi ẹsẹ̀ lọ."

Àwa méjèèjì dá àjọ fún ọdún méjì nítorí rẹ̀. Ọmọ wa obìnrin gbà wá níyànjú pé kí a má ṣe gbé àpótí, kí a gbé àpò tí a ń pọ̀n sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀dọ́ arìnrìn-àjò ti ń ṣe, kí ọwọ́ wa lè ṣófo, kí a má sì máa san owó alágbàrù. Nígbà tí aya wa gbé tirẹ̀ kọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mẹ́rin ni mo ti fi ẹ̀yìn yìí pọ̀n. Kí ni àpò aṣọ lè fi í ṣe?"

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí ó ku oṣù kan kí a lọ, àbúrò wa kan tọ̀ wá wá ní ọ́fíìsì pẹ̀lú omijé lójú. Wọ́n ti lé ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé nítorí owó. A yọ ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta owó àjọ náà fún un. Ó ṣèlérí pé òun yóò dá a padà kí a tó lọ. Ọjọ́ pé, owó kò dé. A kò sọ ọ́ fún aya wa. A wí nínú ọkàn wa pé Ọlọ́run yóò pèsè, bẹ́ẹ̀ ni ìtìjú ni a ń pè ní ìgbàgbọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni a gúnlẹ̀ sí Entebbe, létí adágún ńlá tí àwọn Òyìnbó sọ ní Victoria, tí àwọn ará Buganda ń pè ní Nalubaale. Wọ́n wo ìwé ìrìnnà wa, wọ́n béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí a kọjá. A yí aago wa síwájú ní wákàtí méjì. Láti ibẹ̀ dé Kampala tó nǹkan bí kìlómítà 40. Ìlú olókè ni, bí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Wọ́n a máa wí pé orí òkè méje ni a tẹ̀ ẹ́ dó sí, ṣùgbọ́n ó ti tàn kọjá méje tipẹ́tipẹ́. Nítorí pé ó ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,200, atẹ́gùn rẹ̀ tutù sí ara. Ẹyẹ ńlá apárí kan wà tí ń dúró lórí igi àti lórí òkìtì ìdọ̀tí láàárín ìlú, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, kaloli ni wọ́n ń pè é. Aya wa wò ó títí, ó ní ó jọ alàgbà ìjọ tí wọn kò pè sí ìpàdé.

Ewu kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ẹni tí ó bá ti ilẹ̀ wa lọ mọ̀. Láti ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún ní ilẹ̀ wa. Apá òsì ni ti Ùgáńdà. Aya wa wo apá òsì, kò rí ọkọ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ sí títì. Bí kò bá jẹ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan fa àpò ẹ̀yìn rẹ̀ padà ni, alùpùpù ìbá gbá a. Boda-boda ni wọ́n ń pe alùpùpù akérò wọ̀nyí. Ẹnu ibodè Ùgáńdà àti Kẹ́ńyà ni orúkọ náà ti wá, níbi tí wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ènìyàn láti ibodè kan dé èkejì.

Ní ilé àlejò tí a kọ́kọ́ wọ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan gbé omi wá fún wa, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún rẹ̀ méjèèjì kí ó tó gbé e lé wa lọ́wọ́. "Ssebo" ni ó pè wá, "Nnyabo" ni ó pe aya wa, èyíinì ni bàbá àti ìyá lọ́nà ọ̀wọ̀. Ojú aya wa yí padà, ó ní, "Bàbá wọn, ilé ni a wà." Bàbá arúgbó kan tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ ní alẹ́ kọ́ wa ní kíkà: emu, bbiri, ssatu, èyíinì ni ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tí ó gbọ́ pé a fẹ́ lọ sí Namugongo, níbi tí a ti pa àwọn ajẹ́rìíkú, ó ní òun yóò pàdé wa ní ibùdókọ̀ àtijọ́ ní ọjọ́ kejì láti fi wá sínú ọkọ̀. Ó na ìka méjì, ó ní "ssaawa bbiri". Inú wa dùn pé a gbọ́ èdè: agogo méjì.

Àárọ̀ Ẹtì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ilé àlejò náà ní kí a san owó alẹ́ márùn-ún sílẹ̀. A wo inú àpò owó tí ó wà lábẹ́ ẹ̀wù wa, a sì mọ̀ pé bí a bá san án, a óò máa gbààwẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. A sọ fún aya wa pé ariwo pọ̀ ní àdúgbò náà, kí a wá ibòmíràn. Ó ní òun kò gbọ́ ariwo kankan. A kò dá a lóhùn, a gbé àpò wa kọ́, a jáde. A rìn láti ilé kan dé èkejì, èyí wọ́n, èyí kún. Ní ọ̀sán a ra oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní rolex, ẹyin díndín tí a ká mọ́ inú chapati. Ó dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí láti ìgbà tí a ti dé. Aya wa ní, "Ṣé wọn kì í jẹ ohun mìíràn ní ìlú yìí ni?" A dáhùn pé oúnjẹ ilẹ̀ wọn ni kí a fi mọ̀ wọ́n. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà ni pé ó pọ́ọ́kú.

Ní agogo méjì a dé ibùdókọ̀ àtijọ́, tí ẹ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ bí ọjà ọdún, níbi tí ọkọ̀ funfun kéékèèké tí ń gbé èrò mẹ́rìnlá ti fara ti ara wọn bí ẹja inú agolo. A kò rí bàbá arúgbó náà. A dúró títí. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan tí a bi léèrè rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ní ní èdè Luganda, ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń ka wákàtí: agogo méje òwúrọ̀ ti Òyìnbó ni ssaawa emu, agogo mẹ́jọ ni ssaawa bbiri. Bàbá náà ti wá ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ òru, ó ti dúró títí oòrùn fi mú, ó sì ti lọ. Ojú tì wá.

Láti ibẹ̀ ni a kọjú sí òkè Namirembe, níbi tí a gbọ́ pé ilé àlejò kan wà tí kò wọ́n. Ẹsẹ̀ ni a fi rìn. Àwọn aláàlùpùpù ń pè wá, aya wa ní kí a gùn ún, a ní ewu ni. Ó ní kí a wọ ọkọ̀ nígbà náà, a ní ìrìn dára fún ara ẹni tí ń jókòó ní ọ́fíìsì. Ẹ wo bí ọkùnrin ti ń fi ìlera bo àìtó owó mọ́lẹ̀! Òkè náà dúró gangan. Bí a ti ń sún mọ́ orí rẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀, a sì sáré lọ fara pamọ́ lábẹ́ òrùlé ìloro ilé ìsìn ńlá tí ó wà níbẹ̀.

Aya wa gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó bọ́ bàtà. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ti rin ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Kò ráhùn. Ó wò wá, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bi yín léèrè láti àná. N óò béèrè lẹ́ẹ̀kẹrin, n kò sì ní béèrè mọ́. Ṣé owó kò tó ni?"

Ẹ̀yin ará, a ti dúró níwájú ìjọ, a ti dúró níwájú ọ̀gá ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò tíì wúwo tó báyìí rí. A jẹ́wọ́. A sọ ti àbúrò wa, a sọ iye owó náà, a sọ ọjọ́ tí a fún un. Aya wa dákẹ́. Òjò ń rọ̀. Nígbà tí ó pẹ́, ó ní, "Àbúrò yín kì í ha ṣe àbúrò mi bí? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ ìkómọ. Bí ẹ bá ti bi mí ni, èmi gan-an ni n bá ní kí ẹ fún un. Owó kọ́ ni ó dùn mí. Ohun tí ó dùn mí ni pé láti oṣù kan ni ẹ ti ń dá ẹrù kan gbé nínú ilé, tí èmi sì rò pé a jọ ń gbé gbogbo rẹ̀ ni."

A kò rí ọ̀rọ̀ sọ. A rò pé ìrìn àjò náà ti bàjẹ́, a tilẹ̀ rò pé ohun mìíràn tí ó ju ìrìn àjò lọ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n aya wa dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó tú ohun kan nínú aṣọ rẹ̀, ó sì gbé àǹkáṣíìfù kan tí a dì ní kókó lé wa lórí ẹsẹ̀. Owó dọ́là ni ó wà nínú rẹ̀, èrè aṣọ títà rẹ̀ tí ó ti ń tọ́jú láìsọ fún wa. Ó ní, "Èmi náà kò mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín ni mo ti mọ̀ pé ẹ kì í sọ pé ó kù díẹ̀ títí yóò fi tán. Nítorí náà ni mo ṣe fi tèmi pamọ́."

Mélòó mélòó ni a ti fi ìtàn Anania àti Safira kọ́ àwọn ọmọ! Àwa náà ni ó wá jókòó ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, tí ọkọ fi àìní pamọ́, tí aya fi owó pamọ́. Anania àti Safira tilẹ̀ sàn jù wá ní ọ̀nà kan: wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan. Nígbà tí a sọ èyí fún aya wa, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, àwa náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wa.

Òjò dá. Láti ibi tí a jókòó sí, a rí òkè Rubaga, níbi tí ilé ìsìn ńlá ti ìjọ Kátólíìkì wà, a sì rí òpó gíga mọ́sálásí ńlá tí ó wà lórí òkè Kampala Àtijọ́. Ní ti Namirembe, inú ọ̀rọ̀ "mirembe" ni orúkọ rẹ̀ ti wá, èyíinì ni àlàáfíà. Ilé ìsìn tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe àkọ́kọ́. Ìjì wó ọ̀kan ní 1894; mànàmáná sun òmíràn ní 1910; èyí tí a fi bíríkì kọ́ ni a yà sí mímọ́ ní 1919, lórí òkè kan náà. Ibẹ̀ ni sàréè Bíṣọ́ọ̀bù Hannington wà, ẹni tí a pa ní 1885 bí ó ti ń bọ̀ wá sí Buganda. Aya wa wo ilé náà, ó ní, "Wọn kò wá òkè mìíràn. Wọ́n tún un kọ́ síbẹ̀ ni."

A rí ilé àlejò náà, iye rẹ̀ sì tẹ́ wa lọ́rùn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà a da gbogbo owó sórí ibùsùn, a jọ kà á. A kọ iye rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ti ń ṣe: èyí ni ti ilé, èyí ni ti oúnjẹ, èyí ni ti ọkọ̀, èyí ni ti àìròtẹ́lẹ̀. A pín in sí méjì, aya wa pọ̀n ìdajì, àwa pọ̀n ìdajì. Lẹ́yìn náà a lọ jẹ matooke, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì tí a sì fi ooru sè, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà. Kò ní ata, ṣùgbọ́n aya wa ti gbé ata gígún láti ilé. Èyí nìkan ni ohun tí ó gbé tí kò fi pamọ́ fún wa.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí ssaawa emu tó lù, a ti dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó náà. A dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé a ṣubú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí aya wa kúnlẹ̀, èyíinì yé e lọ́gán. Ó dáríjì wá. Ó bi wá léèrè ìdí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa ka wákàtí láti ọ̀gànjọ́ òru, nígbà tí ó ń sùn. A kò rí èsì.

Ó mú wa dé Namugongo fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti sun àwọn ọ̀dọ́ ààfin nínú iná ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1886, nítorí pé wọn kò sẹ́ Kristi níwájú ọba Mwanga. Láàárín 1885 sí 1887, márùn-dín-láàádọ́ta ni àwọn tí a mọ orúkọ wọn: 22 nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì, 23 jẹ́ ti ìjọ Áńgílíkà, iná kan náà kò sì bi wọ́n léèrè ìjọ. Ilé ìsìn ti Kátólíìkì níbẹ̀ rí bí ahéré àwọn ará Buganda, òpó 22 ni ó gbé e dúró. Ọmọ ọdún bí mẹ́rìnlá ni Kizito, ẹni tí ó kéré jù lọ nínú wọn. Ó ti tó ogún ọdún tí a ti ń sọ ọjọ́ orí yìí láìmira. Ní ọjọ́ náà a kò lè pè é jáde. Ọmọdé kan sọ òtítọ́ níwájú ọba tí ó lè pa á; àwa, a kò lè sọ òtítọ́ fún obìnrin tí ó fẹ́ wa.

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ń ka ìwé yìí, bóyá ẹ kò ní lọ sí Kampala. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tilẹ̀ ń lọ sí oko ẹ̀yìn odi, ẹ jọ ka owó yín kí ẹ tó jáde, kí olúkúlùkù sì mú apá kan dání. Bí ẹ bá béèrè ọ̀nà tàbí wákàtí ní ilẹ̀ àjèjì, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìbátan kan bá sì wá bá ọ̀kan nínú yín pẹ̀lú omijé, ẹ rántí pé ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ ní ìkọ̀kọ̀ ti fi owó ẹni méjì ṣe àánú ẹnì kan. Ilé ni a lè fi irọ́ kékeré pamọ́ sí, nítorí pé yàrá pọ̀ níbẹ̀. Nínú àpò tí a pọ̀n sẹ́yìn kò sí àyè fún un.

Nígbà tí a dé, àwa méjèèjì pe àbúrò wa, aya wa ni ó sì bá a sọ̀rọ̀. Ó ti san ìpín àkọ́kọ́. Àpò méjèèjì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. A kò tíì gbé wọn kúrò níbẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Kí Olúwa pa ilé gbogbo wa mọ́.